Bí ẹ ṣe lè yan adarí fáànù rédíétọ̀ tí kò ní já yín kulẹ̀

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ti ra adarí fáànù, ìyẹn ohun tó ń tan fáànù rédíétọ̀ tó sì ń pa á, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, síbẹ̀ tí mọ́tò wọn ṣì ń sè nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹnì kan rà á, ó ṣiṣẹ́ fún oṣù díẹ̀, rílè inú rẹ̀, ìyẹn súìṣì tí iná ń tan, jóná. Ti ẹlòmíì, fáànù kì í sinmi láti ìgbà tó bá ti sítáàtì mọ́tò títí tó fi máa pa á. Ti ẹnì kẹta ló burú jù: lọ́jọ́ tí wáyà sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru já, fáànù ò tan rárá, kó sì tó bojú wo géèjì, tópù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ.

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Wọ́n á rí "40 áàmpù" tàbí "60 áàmpù", wọ́n á sanwó. Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ẹ fi yan adarí: iye iná tí fáànù tiyín gan-an ń fà, ibi tí sẹ́ńsọ̀ máa jókòó sí, àti ohun tí adarí náà máa ṣe lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ lára rẹ̀. Ẹ̀kẹta yẹn ni mo kà sí pàtàkì jù. Bí adarí bá bàjẹ́ tí fáànù ṣì ń yí, ariwo lásán lẹ máa fara dà títí ẹ ó fi tún un ṣe. Bó bá bàjẹ́ tí fáànù kú, ẹ́ńjìnì ló máa jẹ ìyà rẹ̀.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun: bó bá jẹ́ pé láti ilé iṣẹ́ ni kọ̀ǹpútà mọ́tò yín ti ń darí fáànù, rílè, fíúsì àti sẹ́ńsọ̀ tó bá a wá ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ó rọrùn ju kí ẹ fi adarí míì lé e lórí, nítorí kọ̀ǹpútà náà ṣì máa fẹ́ darí fáànù. Ẹni tó yọ fáànù oníbẹ́líìtì tó fi ti iná rọ́pò rẹ̀, tàbí ẹni tí adarí mọ́tò rẹ̀ ti kú tí kò sì rí irú rẹ̀ mọ́, ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Kílàmù mítà, ìyẹn mítà tó ń há wáyà lẹ́nu. Ó gbọ́dọ̀ lè ka iná DC, irú èyí tó wà nínú bátìrì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, AC, ìyẹn irú iná ilé, nìkan ni wọ́n ń kà, nítorí náà ẹ wo ara rẹ̀ kí ẹ tó yá a.
- Mítà lásán fún wíwọn fóòtì.
- Tẹmómítà tó lè ka kọjá 100°C.
- Kẹ́túlù tàbí ìkòkò omi, àti gílóòbù iná mọ́tò 21 wáàtì kan.
- Bátìrì 12 fóòtì.
- Nọ́ńbà tó wà lára tẹ́mósítáàtì ẹ́ńjìnì yín, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí kí omi lè lọ sí rédíétọ̀ bí ẹ́ńjìnì bá gbóná. Bí ẹ ò bá lè tú u, ìwé mọ́tò máa ń sọ ọ́.
- Ìwé àti bíró, nítorí ẹ ó kọ iye púpọ̀ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wọn iye iná tí fáànù ń fà

Ẹ má béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà, ẹ má sì gba ohun tí wọ́n kọ sára fáànù gbọ́ pátápátá. Fáànù tó ti pẹ́, tí bẹ́árìnnì rẹ̀ ti gbẹ, máa ń fa iná ju ìgbà tó wà ní tuntun lọ. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò tutù, kí ẹ yọ wáyà fáànù, kí ẹ fọwọ́ yí apá rẹ̀. Ó yẹ kó yí fẹ́ẹ́rẹ́, kó sì máa yí díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá fi í sílẹ̀. Bó bá ń dún bí ohun tí wọ́n ń họ, tó le, tàbí tí apá rẹ̀ ń mì, fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Kò sí adarí tó lè gba fáànù tó ti ń kú là.

Lẹ́yìn náà, ẹ sítáàtì ẹ́ńjìnì, ẹ fi wáyà tó nípọn tó sì ní fíúsì so fáànù mọ́ bátìrì ní tààrà, kí kílàmù mítà há wáyà náà lẹ́nu. Nọ́ńbà méjì lẹ ń wá. Àkọ́kọ́ ni èyí tó fò sókè nígbà tí fáànù ń gbéra. Mítà tó ní bọ́tìnnì tó ń di iye tó ga jù mú ló lè fi í hàn. Èkejì ni iye tó dúró sí lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan tàbí méjì.

Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń wọn ọ́n. Bátìrì nìkan máa ń jẹ́ nǹkan bíi 12.5 fóòtì, alternator sì ń gbé e dé nǹkan bíi 14. Bí fóòtì bá gòkè, áàmpù náà á gòkè, bí ìkarahun ṣe ń tẹ̀ lé ìgbín. Ẹni tó wọn fáànù nígbà tí ẹ́ńjìnì kú, iye tó kéré ju òótọ́ ló máa lọ rajà pẹ̀lú.

Fáànù kékeré kan ṣoṣo sábà máa ń fa 8 sí 15 áàmpù. Fáànù ńlá, tàbí méjì tó jókòó pọ̀, lè fa 20 sí 40. Nígbà tó bá ń gbéra, ó lè fa ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta iye yẹn, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fáànù oníyára méjì tí àwọn èèyàn máa ń yọ lára Ford Taurus fi sínú mọ́tò míì jẹ́ àpẹẹrẹ dáadáa: afẹ́fẹ́ tó ń fà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní yára gíga ó lè kọjá 30 áàmpù, rílè lásán kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra: ẹ má ṣe gba iná fáànù kọjá inú mítà lásán. Ọ̀pọ̀ wọn ò lè gbà ju 10 áàmpù lọ, fíúsì inú wọn á já, tàbí kí mítà náà jóná.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ pín iye kejì sí 0.7. Bí fáànù yín bá dúró sí 21 áàmpù, 30 lẹ máa rí. Ìyẹn ni iye tó kéré jù tí adarí gbọ́dọ̀ lè gbé láìdúró. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ fi àlàfo sílẹ̀ ni pé inú yàrá tó tutù ni wọ́n ti sábà máa ń wọn iye tí wọ́n kọ sára páálí, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì sì máa ń gbóná ju yàrá lọ ní ìlọ́po.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ pinnu ìgbà tó yẹ kí fáànù tan àti ìgbà tó yẹ kó kú

Ibí ni fáànù tí kì í sinmi ti ń wá. Tẹ́mósítáàtì ló ń sọ bí ẹ́ńjìnì ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó, kì í ṣe fáànù. Bí ti yín bá jẹ́ 88°C, 88 ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ó sì máa gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́wàá sí i kó tó ṣí tán. Ẹni tó wá ní kí fáànù kú ní 85°C ti ní kó dúró de ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀, nítorí omi inú ẹ́ńjìnì kò ní wálẹ̀ dé 85.

Bí sẹ́ńsọ̀ bá wà lára ẹ́ńjìnì, nítòsí tẹ́mósítáàtì, ohun tí mo máa ń gbà àwọn èèyàn nímọ̀ràn rẹ̀ nìyí. Fún tẹ́mósítáàtì 82°C, kí fáànù tan ní 93 sí 95, kó sì kú ní 88. Fún ti 88°C, kó tan ní nǹkan bí 98, kó sì kú ní 93. Bí sẹ́ńsọ̀ bá wà níbi tí omi ti ń jáde kúrò nínú rédíétọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ dín in kù, nítorí omi ibẹ̀ ti tutù. Iye tí ẹ máa dín yàtọ̀ láti mọ́tò dé mọ́tò, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀gbẹ́ tó gbóná.

Àwọn kan máa ń bẹ̀rù 98, wọ́n á sì yí i sílẹ̀ sí 80. Kò sídìí fún ẹ̀rù. Omi tí wọ́n pò mọ́ kúláńtì ní ìlàjì-ìlàjì ń hó ní nǹkan bíi 107°C kódà bí ìdérí rédíétọ̀ bá ṣí sílẹ̀. Pẹ̀lú ìdérí tó ń di agbára mú dáadáa, ó ń kọjá 120 kó tó hó. Bí mọ́tò yín bá ń hó ní 98, ìdérí, omi tó ń jò tàbí afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ lẹ máa wá, kì í ṣe fáànù.

Ẹ jẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín títan àti kíkú tó ìwọ̀n márùn-ún, ó kéré tán. Bó bá jẹ́ méjì péré, rílè á máa tan, á máa kú léraléra, ẹnu rẹ̀ á sì jóná kíákíá.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lórí ìwé yín, iye tí fáànù máa kú gbọ́dọ̀ ga ju iye tó wà lára tẹ́mósítáàtì lọ, bí sẹ́ńsọ̀ bá wà lára ẹ́ńjìnì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún un ṣírò kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mú irú adarí tó bá fáànù yín mu

*Súìṣì ooru tó ń wọ inú rédíétọ̀ tàbí ẹ́ńjìnì, pẹ̀lú rílè.* Kò sí nǹkan tí ẹ lè yí níbẹ̀. Ìwọ̀n ooru rẹ̀ ti wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Irú èyí ni Volkswagen lò fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú rédíétọ̀ wọn: súìṣì alẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n ń yí wọlé bíi bóòtì, tí ìwọ̀n ẹsẹ rẹ̀ jẹ́ M22x1.5, tó ń tan fáànù láàárín 92 sí 97°C, tí oníyára méjì rẹ̀ sì ń tan yára kejì láàárín 99 sí 105. Fún fáànù kan ṣoṣo tí kò fa ju 20 áàmpù lọ, èyí ni mo máa kọ́kọ́ mú. Ohun tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ kéré, mẹkáníìkì èyíkéyìí mọ̀ ọ́n, ó sì rọrùn láti pààrọ̀ rílè rẹ̀. Àléébù rẹ̀ kan wà: bí wáyà súìṣì bá já, fáànù ò ní tan. Nítorí náà, ẹ fi súìṣì ọwọ́ kan sí iwájú awakọ̀ tó lè tan fáànù fúnra rẹ̀, kí ẹ sì fi gílóòbù ìkìlọ̀ kékeré kún un.

*Oníkókó tó ní okùn bàbà tín-ín-rín.* Wọ́n máa ń ki orí okùn yìí sáàárín irun rédíétọ̀, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára rẹ̀, tí ẹ ó sì máa fọwọ́ yí kókó láti wá ibi tó yẹ. Mi ò gbà yín níyànjú láti rà á. Ooru irun rédíétọ̀ pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ tó ń kọjá ló ń kà, okùn náà máa ń kán bó bá ṣẹ́ po, bí gáàsì tàbí omi inú rẹ̀ bá sì jò, súìṣì náà ò ní tan láé. Kókó rẹ̀ kò sì ní ìwọ̀n tòótọ́ lára.

*Àpótí ẹlẹ́kitíróníìkì tó ní rílè nínú.* Sẹ́ńsọ̀ ń sọ ìwọ̀n ooru, àpótí ń pinnu, rílè ń tan fáànù. Ẹ lè yan ìwọ̀n fúnra yín, ọ̀pọ̀ wọn sì ní ibi tí wáyà ẹ̀rọ amúlétutù ń wọ̀. Dídára rẹ̀ yàtọ̀ síra gan-an. Bí ẹ bá ń wò ó, ẹ bi ara yín bóyá rílè rẹ̀ ṣeé fà yọ kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò. Èyí tí rílè rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ pátákó inú rẹ̀, lọ́jọ́ tí rílè bá kú, gbogbo àpótí lẹ máa sọnù.

*PWM, tí kò ní rílè.* Èyí ń gé iná lemọ́lemọ́ láti fún fáànù ní iná díẹ̀díẹ̀: bí omi bá ń gbóná, fáànù ń yára sí i. Àǹfààní tó tóbi jù ni pé fáànù ń gbéra jẹ́jẹ́, nítorí náà iná ńlá ìbẹ̀rẹ̀ yẹn kò sí mọ́, ohun tó sì máa ń jó rílè ti lọ. Fún fáànù tó ń fà ju 30 áàmpù lọ, èyí ló dára jù, bó bá jẹ́ ojúlówó. Ẹ fọkàn sí ara àpótí rẹ̀: ó yẹ kó jẹ́ alumíníọ̀mù tó nípọn, tó ní irun láti tú ooru dà. Àpótí ike kékeré tó pe ara rẹ̀ ní PWM 60 áàmpù kò ní ibi tó máa tú ooru sí. Ẹ sì tún wádìí bóyá wọ́n ṣe é fún fáànù oníbúrọ́ọ̀ṣì (èyí tí kábọ̀n kékeré ń gbé iná wọ inú rẹ̀), nítorí fáànù tí kò ní búrọ́ọ̀ṣì ti ní adarí tirẹ̀ nínú, àmì ló ń retí, kì í ṣe iná tí wọ́n ń gé.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yan ibi tí sẹ́ńsọ̀ máa wà kí ẹ tó yan adarí

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ra adarí tán kí wọ́n tó ronú nípa sẹ́ńsọ̀ tó bá a wá, nígbà tí ọjà sì ti dé ọwọ́, wọ́n á kì í sí ibi tó bá ṣáà gbà á.

Ibi tó dára jù ni ojú ihò alẹ́sẹẹsẹ lára ẹ́ńjìnì tàbí ilé tẹ́mósítáàtì, tí sẹ́ńsọ̀ ti máa kan omi gan-an, ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì, kí tẹ́mósítáàtì tó dé. Ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbóná. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ìrìn omi tó ń wọ rédíétọ̀ lókè, pẹ̀lú páìpù irin kékeré alẹ́sẹẹsẹ tí wọ́n gé họ́ọ̀sì fi sáàárín rẹ̀. Irun rédíétọ̀ ló kẹ́yìn.

Ẹ má ṣe gba sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ họ́ọ̀sì, tí wáyà rẹ̀ máa ń yọ láàárín họ́ọ̀sì àti ẹnu rédíétọ̀. Omi máa ń jò níbẹ̀, ẹni tó bá sì ń di kílíìpù mọ́ ọn gan-an á gé wáyà náà.

Ẹ tún ronú nípa ọjọ́ tí omi bá gbẹ. Bí sẹ́ńsọ̀ bá wà lókè pátápátá, tí omi rédíétọ̀ sì dínkù, afẹ́fẹ́ ló máa yí i ká, ó sì lè máa sọ pé ara tutù nígbà tí ẹ́ńjìnì ń jóná. Sẹ́ńsọ̀ tó wọ inú irin ẹ́ńjìnì ṣì máa ń gba ooru irin náà.

Ẹ ṣọ́ra: sẹ́ńsọ̀ oníwáyà kan ṣoṣo ń gba ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, láti ara ẹsẹ alẹ́sẹẹsẹ rẹ̀. Bí ẹ bá fi téèpù funfun wé e, ẹ lè gé ẹ́ẹ̀tì rẹ̀, adarí sì lè rò pé ẹ́ńjìnì ṣì tutù. Èyí tó ní wáyà méjì kò ní ìṣòro yìí, òun ni mo sì fẹ́ràn jù.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fọwọ́ kan ihò tí sẹ́ńsọ̀ máa wọ̀, kí ẹ wọn ẹsẹ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Bí adarí tó wù yín bá ní sẹ́ńsọ̀ tí kò wọ ihò yẹn, tí wọn ò sì ní irú tó wọ̀ ọ́, ẹ gbójú kúrò lára rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìbéèrè tí ẹ máa bi ẹni tó ń tajà

Ẹ ka ìwé tó bá adarí náà wá kí ẹ tó sanwó. Bí kò bá ní ìwé, ẹ má rà á.

Ṣé iye áàmpù tí wọ́n kọ jẹ́ èyí tó lè gbé láìdúró, àbí ti ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀? Bí wọ́n bá kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo tí wọn ò ṣàlàyé rẹ̀, ẹ kà á sí ti ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ tún wo ẹnu ibi tí wáyà ń wọ̀. Ẹnu pẹlẹbẹ tó fẹ̀ ní 6.3 mm ò dára fún ohun tó ju 30 áàmpù lọ. Àpótí tó bá sọ pé òun ń gbé 60 pẹ̀lú ẹnu yẹn ti jẹ́rìí tako ara rẹ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí wáyà sẹ́ńsọ̀ bá já? Ẹ dúró lórí ìbéèrè yìí. Ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ fáànù ni ìdènà iná inú wọn máa ń dínkù bí ooru bá ń pọ̀. Bí wáyà bá já, ìdènà á di èyí tí kò lópin, adarí tí wọn ò ronú jinlẹ̀ ṣe á sì kà á sí pé ara tutù gan-an. Á pa fáànù. Adarí tó dára mọ̀ pé kò sí ẹ́ńjìnì tó lè tutù tó bẹ́ẹ̀, á sì tan fáànù sí yára tó ga jù. Ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ èyí ní kedere.

Ṣé wáyà ẹ̀rọ amúlétutù lè wọ̀ ọ́? Bí mọ́tò yín bá ní ẹ̀rọ amúlétutù, fáànù gbọ́dọ̀ tan nígbà tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá gbéra, bí omi kò bá tilẹ̀ tíì gbóná.

Ṣé omi lè wọ inú rẹ̀? Bí ẹ bá rí IP67, eruku ò lè wọlé, ó sì ti fara da kí wọ́n rì í sínú omi tó jìn tó mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí kò bá ní irú àmì bẹ́ẹ̀, inú mọ́tò ni ẹ máa wá ibi fún un, kì í ṣe abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Bó bá ń jẹ́ kí fáànù yí lẹ́yìn tí ẹ bá pa mọ́tò, ó gbọ́dọ̀ ní àkókò tó máa dá a dúró fúnra rẹ̀, kí ẹ má bàa bá bátìrì tó ti kú láàárọ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ dán an wò pẹ̀lú omi gbígbóná kí ẹ tó so ó mọ́ mọ́tò

Àwọn èèyàn máa ń fo ìgbésẹ̀ yìí, ó sì dùn mí, nítorí ìdajì wákàtí péré ló ń gbà, ó sì ń fi àṣírí adarí tí kò dáa hàn nígbà tí ẹ ṣì lè dá a padà.

1. Ẹ so adarí mọ́ bátìrì 12 fóòtì pẹ̀lú fíúsì kékeré. Níbi tí fáànù yẹ kó wà, ẹ so gílóòbù 21 wáàtì mọ́ ọn.
2. Ẹ fi orí sẹ́ńsọ̀ àti tẹmómítà sínú omi, kí méjèèjì wà nítòsí ara wọn, kí wọ́n má kan ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ibi tí wáyà ti wọlé sára sẹ́ńsọ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè omi.
3. Ẹ yí adarí sí 90°C fún ìdánwò yìí. Omi lásán kì í kọjá 100°C nínú ìkòkò tó ṣí sílẹ̀, níbi tí ilẹ̀ bá sì ga, ó máa ń hó kó tó dé 100. Bí ẹ bá yí i sí 102, ẹ lè dúró títí.
4. Ẹ gbé omi kaná díẹ̀díẹ̀, kí ẹ kọ ìwọ̀n tó wà lójú tẹmómítà sílẹ̀ nígbà tí gílóòbù bá tàn.
5. Ẹ pa iná, kí ẹ kọ ìwọ̀n tó kú.
6. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta.

Bí ìyàtọ̀ láàárín ohun tí adarí sọ àti ohun tí tẹmómítà sọ bá jẹ́ ìwọ̀n méjì tàbí mẹ́ta, tí ó sì jẹ́ bákan náà ní gbogbo ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ lè fi sí ìṣirò yín. Èyí tó tàn ní 88 lẹ́ẹ̀kan, tó tàn ní 95 lẹ́ẹ̀kejì, ẹ dá a padà.

Nísinsìnyí, ẹ yọ wáyà sẹ́ńsọ̀ nígbà tí adarí wà lórí iná. Gílóòbù gbọ́dọ̀ tàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá tàn, ohun tí ìwé sọ kì í ṣe òótọ́, mi ò sì ní fi ẹ́ńjìnì mi sábẹ́ rẹ̀. Ìdánwò yìí kò kan súìṣì ooru lásán, nítorí a ti mọ ohun tó máa ṣe.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ so ó mọ́ mọ́tò

Iná tó ń lọ sí fáànù gbọ́dọ̀ wá láti ara bátìrì ní tààrà, gba inú fíúsì kọjá, kì í ṣe láti ara wáyà kọ́kọ́rọ́. Fáànù tó ṣì ń yí lẹ́yìn tí ẹ bá pa kọ́kọ́rọ́ máa ń di amúnáwá kékeré. Bó bá jẹ́ pé wáyà kọ́kọ́rọ́ ló ń fún un níná, iná tó ń mú jáde lè padà sínú wáyà náà, tí ẹ́ńjìnì ò sì ní kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kàn ń sọ fún adarí pé kó jí ni.

Fíúsì máa wà nítòsí bátìrì bó bá ṣe ṣeé ṣe tó. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ iye tí fáànù dúró sí, pẹ̀lú ìdá mẹ́rin sí ìdajì rẹ̀ lórí: fáànù 20 áàmpù gba fíúsì 25 tàbí 30. Ní ti wáyà, 2.5 mm² tó fún nǹkan bí 20 áàmpù, 4 mm² fún 30, 6 mm² fún 40. Bí ẹ bá wà láàárín méjì, ẹ mú èyí tó nípọn jù. Wáyà ẹ́ẹ̀tì fáànù náà gbọ́dọ̀ nípọn bákan náà, kí ibi tí wọ́n dè é mọ́ jẹ́ irin tí wọ́n ti ha ọ̀dà àti ìpẹtà rẹ̀ kúrò.

Bó bá jẹ́ rílè lẹ ń lò, nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ wọn kan náà ni, láti inú ìlànà Jámánì tí wọ́n ń pè ní DIN 72552. 30 ni iná láti bátìrì, 87 ló ń lọ sí fáànù, 85 àti 86 ni ti ìdarí. Ẹ ṣọ́ra fún 87a tó wà láàárín rílè ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún: òun ní iná nígbà tí rílè sinmi. Ẹni tó so fáànù mọ́ 87a, ńṣe ni fáànù á máa yí nígbà tí mọ́tò tutù, tí á sì kú nígbà tó bá gbóná.

Ẹ gbé adarí jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀sọ́ọ̀sì àti ibi tí atẹ́gùn gbígbóná ti ń jáde láti rédíétọ̀. Kí ẹnu wáyà rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀, kí omi má bàa dúró níbẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ sítáàtì mọ́tò, kí fáànù máa yí. Ẹ fi ẹnu mítà kan sórí pọ́sítíìfù bátìrì, ìkejì sórí wáyà pọ́sítíìfù fáànù, kí ẹ ka fóòtì. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe bákan náà fún ẹ́ẹ̀tì. Kí àpapọ̀ méjèèjì má kọjá 0.5 fóòtì. Bó bá kọjá, ibì kan ń gbóná: ní 25 áàmpù, 0.5 fóòtì yẹn nìkan jẹ́ 12.5 wáàtì ooru lójú kan tí ẹ ò rí. Fún PWM, ẹ wọn ọ́n nígbà tí fáànù bá wà ní yára tó ga jù.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìdánwò lórí mọ́tò

Ẹ jìnnà sí ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná, ẹ má sì jẹ́ kí ọwọ́, irun tàbí aṣọ sún mọ́ fáànù, nítorí ó lè tan nígbàkúgbà láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìhà tí atẹ́gùn ń lọ. Fi bébà kékeré síwájú rédíétọ̀: bí fáànù bá wà lẹ́yìn rédíétọ̀, bébà gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá ń fò kúrò, fáànù ń yí sódì, ẹ pààrọ̀ wáyà rẹ̀ méjèèjì.

Ẹ wá jẹ́ kí mọ́tò máa ṣiṣẹ́ lójú kan láti ìgbà tó tutù. Géèjì á gòkè, á dúró díẹ̀ nígbà tí tẹ́mósítáàtì bá ṣí, á tún gòkè díẹ̀, fáànù á sì tan. Ó yẹ kó yí fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kó kú, kó tún tan. Ẹ jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán. Lẹ́yìn náà ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù, kí fáànù tan pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ẹ pa mọ́tò, kí ẹ fi ẹ̀yìn ìka kan àpótí adarí, rílè, ilé fíúsì àti ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú. Èyí tí ìka ò lè dúró lórí rẹ̀, ẹ tú u, kí ẹ wá ẹnu wáyà tí wọn ò tẹ̀ dáadáa.

Ẹ wà á lọ sí ojú ọ̀nà tó já geere. Láti nǹkan bí 60 kìlómítà ní wákàtí lọ sókè, atẹ́gùn tí mọ́tò ń bá pàdé tó láti tutù rédíétọ̀, ó sì yẹ kí fáànù máa sinmi bí ẹ̀rọ amúlétutù bá wà ní pípa. Bó bá ṣì ń yí, ìwọ̀n tí ẹ yàn kéré jù, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 2. Bí mọ́tò bá ń gbóná níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan adarí: rédíétọ̀ tó dí, pọ́ńpù omi tàbí tẹ́mósítáàtì tí kò ṣí tán ló ń bá yín jà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún gbogbo ẹnu wáyà tẹ̀, kí ẹ tún wọn fóòtì yẹn. Bó bá ti fi 0.2 ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ, ẹnu kan ti ń tú. Ẹ wá a rí kí ẹ tó gbé mọ́tò náà rin ìrìn àjò.